Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ 2008 TC3: òkúta sánmà tí wọ́n mọ ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó mọ bó ṣe tóbi tó

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2008, Richard Kowalski, tó ń bá ẹgbẹ́ Catalina Sky Survey ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, rí ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ tó dúró sójú kan. Awò awọ̀nàjíjìn tó ń lò wà lórí òkè Mount Lemmon, nítòsí ìlú Tucson, dígí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀. Aago 6:39 òwúrọ̀ ni nípa aago àgbáyé, ìyẹn 7:39 ní Nàìjíríà, àmọ́ ní Arizona alẹ́ ọjọ́ 5 ni wọ́n ṣì wà. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Kowalski, nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà gan-an ni láti máa wá àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po, tí ọ̀nà wọn ń gba ìtòsí ayé, àwọn tí à ń pè ní ásítẹ́rọ́ìdì. Ó kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí Minor Planet Center ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí gbogbo ayé ń kó irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ jọ sí. Nǹkan bí ogún wákàtí lẹ́yìn náà, òkúta ọ̀hún ti wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, ó sì ti fọ́ yángá lókè aṣálẹ̀ Sudan. Òun ni ásítẹ́rọ́ìdì àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn rí lójú sánmà kí ó tó kọlu ayé.

Ìbéèrè méjì ni àkọsílẹ̀ yìí yóò tọ̀ lẹ́yìn: ibo ni òkúta náà ń lọ, báwo ló sì ṣe tóbi tó. Ènìyàn lè rò pé ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan ti mọ èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ dé láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì tọ́. Ìdáhùn sí ti èkejì kò fìdí múlẹ̀ títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Khartoum fi ẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀, tí wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀ nílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣírò ọ̀nà àwọn ásítẹ́rọ́ìdì ní Minor Planet Center láìsí pé ẹnikẹ́ni dá sí i kò lè yanjú ti èyí, nítorí pé òkúta náà ti sún mọ́ ayé jù. Tim Spahr, tó jẹ́ olórí ibẹ̀ nígbà náà, ló jókòó ti ìṣirò náà fúnra rẹ̀, ohun tó sì bá níbẹ̀ ni pé ọ̀nà òkúta yìí kò gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá. Ara ayé ló forí sọ. Ó kàn sí Steve Chesley ní Jet Propulsion Laboratory ti NASA ní California. Chesley kó àkíyèsí tó wà nílẹ̀ sínú ètò ìṣirò tirẹ̀, ètò náà sì dáhùn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà yọrí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló jẹ́ ìkọlù. Ètò náà kò tíì gbé irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ jáde fún ásítẹ́rọ́ìdì kankan rí. Wọ́n sọ ibi tí yóò ti ṣẹlẹ̀: apá àríwá orílẹ̀-èdè Sudan, ní aṣálẹ̀ Nubia. Wọ́n sọ àsìkò rẹ̀: aago 2:46 òru mọ́jú ọjọ́ 7, nípa aago àgbáyé. Ní ìlú Pisa lórílẹ̀-èdè Ítálì, àwọn mìíràn fi ètò tiwọn ṣe ìṣirò náà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ta ko ti àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá mọ̀ pé ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí àwọn onímọ̀ sánmà tó fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀nà ásítẹ́rọ́ìdì lè ṣe kàyéfì nípa bí èyí ṣe yá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí awò awọ̀nàjíjìn ń sọ fún wa kò ju apá ibi tí nǹkan wà lójú sánmà lọ. Kì í sọ bó ṣe jìnnà tó. Bí òkúta bá wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù kìlómítà sí wa, dandan ni kí a dúró kí ó rìn jìnnà lójú ọ̀nà rẹ̀ kí ibi tí ọ̀nà náà ti tẹ̀ tó hàn. 2008 TC3, orúkọ tí wọ́n fún èyí lọ́jọ́ náà, kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù kìlómítà lọ sí wa nígbà tí Kowalski rí i. Ó kàn kọjá ibi tí òṣùpá wà díẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti Amẹ́ríkà, tí ẹlòmíràn sì wò ó láti Australia, àwọn méjèèjì kò ní rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí wọ́n rí ni yóò sì sọ bó ṣe jìnnà tó. Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú ògiri, kí ẹ fi ojú ọ̀tún nìkan wò ó, kí ẹ tún fi ojú òsì nìkan wò ó: ẹ óò rí i pé ó ń ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn lára ògiri náà, bó bá sì ṣe sún mọ́ ojú yín tó ni yóò ṣe ṣí tó. Yíyí tí ayé ń yí pàápàá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹni tí kò tiẹ̀ kúrò nídìí awò rẹ̀ ní Arizona ti bá ayé rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láàárín wákàtí mélòó kan.

Àwọn tó ń wo sánmà káàkiri ayé, àwọn tó ń gba owó oṣù lórí rẹ̀ àti àwọn tó kàn fẹ́ràn rẹ̀, kọjú awò wọn sí òkúta náà, àkíyèsí tó ju 500 lọ sì wọlé kí ó tó já. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni àyíká ibi tó lè já sí ń há sí i. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, aago ló wá di ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́: nígbà tí nǹkan bá ń sá kìlómítà mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ti sún mọ́ tòsí, ẹni tí aago rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pére ṣìnà ti kọ ibi tí òkúta kò sí sílẹ̀.

Ọ̀nà tí òkúta náà ti ń rìn kí ó tó pàdé wa kò rí róbótó. Ó gùn sí apá kan. Níbi tó ti máa ń sún mọ́ oòrùn jù, nǹkan bí mílíọ̀nù 135 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Níbi tó ti máa ń jìnnà jù, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 257, èyí tó kọjá ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì Mars sábà máa ń wà. Ayé fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 150. Nítorí náà, nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, tó máa ń gbà á tó ọdún kan àbọ̀, òkúta náà ń kọjá ibi tí ayé jìnnà sí oòrùn dé lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Àwọn tí ọ̀nà wọn rí báyìí ni wọ́n ń kó sí ọ̀wọ́ Apollo. Lójú tèmi, nọ́mbà tó yẹ kí a tẹjú mọ́ jù níbẹ̀ ni ti ìdagun: ọ̀nà rẹ̀ àti ọ̀nà ayé fi dígírì 2.5 péré dagun síra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ní ìpele kan náà. Bí ọ̀nà méjì bá dagun síra gan-an, kìkì ojú ibi tí wọ́n ti dábùú ara wọn ni ìpàdé ti lè wáyé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tẹ́jú báyìí, ààyè ìpàdé gbòòrò sí i. Ìdí kan náà ni kò jẹ́ kí eré rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Kí òòfà ayé tó fà á, nǹkan bí kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òòfà yẹn ló sọ ọ́ di kìlómítà 12 àti díẹ̀ nígbà tó fi máa kan afẹ́fẹ́.

Ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ kí òkúta náà tó dé, àwọn onímọ̀ láti Queen's University ní ìlú Belfast, tí Alan Fitzsimmons ṣe aṣáájú wọn, lo awò William Herschel tó wà ní erékùṣù La Palma láti pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀, kí wọ́n lè mọ irú ojú tí òkúta náà ní. Nígbà yẹn, ó lè dà bí iṣẹ́ tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Àwọn mìíràn ń wo bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní aago 1:49 nípa aago àgbáyé, òkúta náà wọ inú òjìji ayé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò dé ara rẹ̀ mọ́, kò sì sí awò kankan tó tún lè rí i. Ó ku bíi wákàtí kan.

Aago 5:46 ìdájí ni ní Sudan nígbà tó dé. Ìwọ̀ oòrùn ló ti wá, ó ń lọ sí ìlà oòrùn, ó sì dagun sí ilẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 20. Ní nǹkan bí kìlómítà 37 sókè ni afẹ́fẹ́ ti borí rẹ̀, tó sì fọ́. Àwọn ará ibùdó ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, Almahata Sitta, tí í ṣe Ibùdó Kẹfà lójú irin tó so Wadi Halfa pọ̀ mọ́ Abu Hamad, rí iná náà lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n sì rí èéfín tó fi sílẹ̀ lójú sánmà. Awakọ̀ bàálù KLM kan, tí wọ́n ti ta lólobó, rí ìtànná rẹ̀ láti nǹkan bí kìlómítà 1,400. Sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ Meteosat-8 rí i, àwọn sátẹ́láìtì ìjọba Amẹ́ríkà náà rí i. Ní Kẹ́ńyà, ẹ̀rọ kan tó ń gba irú ìró tó rẹlẹ̀ ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ mú ìró ìfọ́ náà. Kò sí ẹni tó fara pa. Àsìkò tó fọ́ àti ibi tó fọ́ sí bá ohun tí Chesley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ mu, kò sì sí àríyànjiyàn kankan tó kù lórí ibi tó ń lọ.

Bó ṣe tóbi tó ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti le. Kò sí awò kankan láyé tó rí òkúta náà gẹ́gẹ́ bí nǹkan tó ní ìbú. Láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kò ju ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan lọ. Nígbà tí wọ́n ti mọ bó ṣe jìnnà tó sí wa àti sí oòrùn, wọ́n lè ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ náà ì bá ti pọ̀ tó bí ó bá wà ní ibi kan pàtó tí gbogbo onímọ̀ sánmà fẹnu kò sí; lórí òṣùwọ̀n wọn, níbi tí nọ́mbà ti ń tóbi sí i bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i, ti 2008 TC3 tó 30.9. Ṣùgbọ́n òkúta kékeré tí ojú rẹ̀ mọ́ àti òkúta ńlá tí ojú rẹ̀ dúdú lè dá ìmọ́lẹ̀ kan náà padà. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni òkúta yìí ń dá padà, ìbú rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí mítà 2. Bí ó bá jẹ́ ìdá 5, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4. Ẹ má wo ìyàtọ̀ yẹn bí ohun kékeré, torí pé òkúta tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, ìlọ́po mẹ́jọ náà sì ni agbára tó ń gbé wọ inú afẹ́fẹ́ fi ju ti èkejì lọ bí eré wọn bá dọ́gba. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn nípa ásítẹ́rọ́ìdì kékeré tuntun, tó rí i pé wọ́n kọ ìbú rẹ̀ ní nọ́mbà kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n, yẹ kó béèrè irú ojú tí wọ́n gbà pé òkúta náà ní.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìtóbi náà ni ìró tí wọ́n mú ní Kẹ́ńyà. Agbára tó fi hàn jẹ́ nǹkan bí èyí tí ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù TNT, ohun abúgbàù, yóò gbé jáde. A mọ eré òkúta náà láti inú ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ kò le: kí òkúta tó ń sá kìlómítà 12.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wúwo tó nǹkan bí 50 tọ́ọ̀nù. Òkúta tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2 kò lè wúwo ju 10 sí 15 tọ́ọ̀nù lọ. Báyìí ni ìró náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé òkúta kékeré tí ojú rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀, àmọ́ kò lè sọ ju ìyẹn lọ, torí pé kì í ṣe gbogbo agbára ìfọ́ ló ń di ìró.

Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún kan náà, Peter Jenniskens, tó ń ṣiṣẹ́ ní SETI Institute ní California, lọ bá Muawia Shaddad ní Yunifásítì Khartoum. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ìlà kan tí àwọn ará NASA fà sórí àwòrán ilẹ̀ aṣálẹ̀ náà, tó fi ibi tí òkúta náà ti gba òkè kọjá hàn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé nǹkan tó fọ́ ní òkè bẹ́ẹ̀ kò lè fi ohunkóhun sílẹ̀ bí kò ṣe eruku. Shaddad kó akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì bíi 45 jọ, wọ́n wọ aṣálẹ̀ lọ, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìlà gbọọrọ, wọ́n sì ń rìn, tí ojú wọn kò kúrò nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló rí òkúta àkọ́kọ́, dúdú lórí iyanrìn tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Kí ọdún 2008 tó parí, wọ́n ti rí 47, èyí tó kéré jù wọn gíráàmù 1.5, èyí tó tóbi jù wọn gíráàmù 283, gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì pé kílógíráàmù 4. Wọ́n tún padà lọ lẹ́yìn náà, títí ohun tí wọ́n ṣà fi di nǹkan bí 600, tí ìwọ̀n wọn lé ní kílógíráàmù 10. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ìlà náà lọ sí ìhà ìlà oòrùn ni àwọn tó tóbi ń pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tètè máa ń dá èyí tó kéré dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn tí a kà nípa 2008 TC3, awò àti kọ̀ǹpútà ló gba ipò iwájú. Èmi rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Khartoum yẹn ló parí iṣẹ́ náà, nítorí láìsí ohun tí wọ́n ṣà, nọ́mbà ìtóbi òkúta yìí ì bá ṣì máa yí láàárín mítà 2 sí 5 títí di òní.

Ohun tí àwọn àfọ́kù náà sọ nìyí. Irú òkúta tó ṣọ̀wọ́n kan tí à ń pè ní ureilite ló pọ̀ jù nínú wọn, ó dúdú, ihò pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì rọrùn láti fọ́. Nígbà tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i nínú ilé ìwádìí, ìwọ̀nba tó dá padà kò ju nǹkan bí ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n gbé bó ṣe ń dá àwọ̀ kọ̀ọ̀kan padà lé ohun tí wọ́n rí láti La Palma, méjèèjì sì jọra, èyí tó fi hàn pé ojú òkúta náà lókè kò yàtọ̀ sí ojú àfọ́kù rẹ̀ nílẹ̀. Kò tíì sí ìgbà kankan ṣáájú èyí tí ènìyàn wo ásítẹ́rọ́ìdì lójú sánmà, tó tún di òkúta kan náà mú lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìdá 4.6 yẹn, 30.9 ti orí òṣùwọ̀n wá di mítà 4.1. Ìwọ̀n rẹ̀ di nǹkan bí 80 tọ́ọ̀nù, àmọ́ wọ́n fi àyè nǹkan bí 25 tọ́ọ̀nù sílẹ̀ sí òkè àti sí ìsàlẹ̀. Ìwádìí yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2009.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé mítà 4.1 yìí ni ìbú rẹ̀ láti ìhà gbogbo. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù kí ó tó wọ òjìji fi hàn pé ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, àti pé ó ń yí gbiri-gbiri lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń parí ní ìṣẹ́jú àáyá 99, èkejì ní 97. Mítà 4.1 jẹ́ ìbú tí òkúta náà ì bá ní ká ní ó rí róbótó.

Lára àwọn àfọ́kù náà, kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ureilite. Irú òkúta sánmà mìíràn wà láàárín wọn, tó fi hàn pé àkójọ ohun tó ti ibi púpọ̀ wá ni òkúta ọ̀hún, tí wọn kò sì lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Abájọ tó fi fọ́ ní kìlómítà 37 sókè. Nínú 80 tọ́ọ̀nù, kílógíráàmù mẹ́wàá àti díẹ̀ ló tẹ ènìyàn lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù ti di eruku nínú afẹ́fẹ́. Nínú ìwọ̀nba tó kù, wọ́n bá dáyámọ́ńdì tó kéré gan-an, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí ní Switzerland sì sọ ní ọdún 2018 pé ohun tó há sínú àwọn dáyámọ́ńdì náà jọ èyí tó ti inú pílánẹ́ẹ̀tì kan wá, èyí tó ti fọ́ tipẹ́, tí ìtóbi rẹ̀ wà láàárín ti Mercury àti ti Mars.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Òkúdu ọdún 2018, Kowalski kan náà rí òkúta mìíràn, 2018 LA, tó já sí orílẹ̀-èdè Bòtswánà ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Jenniskens tún bá àwọn onímọ̀ ibẹ̀ wọ aṣálẹ̀ Kalahari, wọ́n sì rí àfọ́kù àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Lórí òṣùwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti 2008 TC3, ṣùgbọ́n irú òkúta tó jọ ti ásítẹ́rọ́ìdì ńlá Vesta ni, ojú rẹ̀ mọ́, ó ń dá nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Ìbú rẹ̀ kò ju mítà kan àbọ̀ àti díẹ̀ lọ.